Ìwé Àwọn Alágbàfọ̀ Ti Jáde, Àbúrò Mi

Ọdún mẹ́fà rèé tí o lọ, àbúrò mi. Ọdún mẹ́fà gbáko! Mo kà á lórí ìka, mo tún un kà, bí ẹni tó ń tún aṣọ oníbàárà wọ̀n torí pé kò fẹ́ kó kúrú. Mẹ́fà náà ni.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, aránṣọ, ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ ló ní kí n sọ ọ́ lọ́dún yìí, ọmọ rẹ náà ló ní kí n sọ ọ́. Wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ ọ́ pẹ́ jù. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́ nígbà tí màmá wa bá ń fọṣọ aláṣọ, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Èmi ló yẹ kí wọ́n máa rántí, ìwọ ló yẹ kó o dìde, kó o tún gíláàsì ojú rẹ ṣe, kó o sọ̀rọ̀ dídùn nípa mi tí màá fi máa rẹ́rìn-ín níbi tí mo bá wà. Ikú ló da ìlà rú. Ikú ò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Àwọn kan ń gbọ́ mi tí wọn ò mọ̀ ọ́ láyé. Jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí o jẹ́ fún wọn.

Olùkọ́ ìtàn ni ọ́ ní yunifásítì, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ ìtàn, èdè, orin, eré orí ìtàgé àti ìmọ̀ ìrònú. Ọdún mọ́kànlélógún lo fi kọ́ wọn níbẹ̀. Yàrá iṣẹ́ rẹ wà ní àjà kejì, ilẹ̀kùn kẹta lọ́wọ́ òsì, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ṣé-Ó-Dá-Ọ-Lójú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ọ́, torí ohun tí o máa ń fi bíírò aláwọ̀ ewé kọ sí etí ìwé wọn nìyẹn. Ọmọ á jókòó kọ ojú ewé mẹ́wàá nípa ọba kan tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wàá fi ìlà kan ṣoṣo tú gbogbo rẹ̀ ká: Ṣé ó dá ọ lójú? Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ méjèèjì.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di dókítà, ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi gbé orúnkún rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe irú dókítà yẹn." Ó ní, "Èwo ló wá jẹ́? Dókítà tí kò lè wo orúnkún, kí ló ń wò?" Ìwọ lo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yìn ni mò ń wò, Màmá. Ohun tó wà lẹ́yìn ni iṣẹ́ mi." Ó ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀? Ó mà dáa o! Òun gan-an ló ń dùn mí jù!" O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àkísà mi. Mo ṣì ń rí ẹsẹ̀ rẹ nílẹ̀ yẹn. Mo ṣì ń gbá ilẹ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí o lọ. Aago méjì ọ̀sán ti lọ díẹ̀. O ti kọ́ kíláàsì kan tán, òmíràn ń dúró dè ọ́ lókè. O jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìdì ìwé ìdánwò lórí itan rẹ, o tẹrí ba. Àwọn ọmọ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Wọ́n ń kí ọ pé, "Ẹ káàsán, sà." Wọ́n rò pé o ń kàwé ni. Mi ò bínú sí wọn. Ta ni kò mọ̀ pé bí o bá ń kàwé, o kì í gbọ́ kíkí?

Ẹnìkan ṣoṣo ló dúró. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ni, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, tó ti jẹ́ agbálẹ̀ nínú ilé yẹn kan náà rí. Ó fọwọ́ kàn ọ́ léjìká. Òun ló kígbe.

Àwọn dókítà tó ń wo orúnkún ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú orí rẹ. Wọ́n ní o ò jẹ̀rora. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Irun orí rẹ ò tíì funfun tán!

Ilé rẹ dákẹ́. Ìyàwó rẹ, nọ́ọ̀sì tó ti pa ojú àìmọye òkú olókùú dé, kò lè ká aṣọ rẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó kó ẹ̀wù rẹ mẹ́rin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n gé wọn kéré fún ọmọ yín. Mo tẹ́ ti onílà búlúù yẹn sórí tábìlì. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń gé aṣọ, àbúrò mi, kò sí aṣọ tó dá mi dúró rí. Èyí dá mi dúró. Mo ká ẹ̀wù náà padà, mo sọ fún ìyàwó rẹ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọdún méjì ni wọ́n fi wà nínú àpótí kí n tó lè fi sísọ́ọ̀sì kàn wọ́n. Ọmọ rẹ ń wọ onílà búlúù náà báyìí, ó ká apá rẹ̀ sókè bí o ṣe máa ń ká a. Nígbà mìíràn tó bá fẹ̀yìn sí mi, mo máa ń ní láti wo ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin tó kígbe yẹn. Ìwọ mọ̀ ọ́n, àwọn tó kù ò mọ̀ ọ́n. Àǹtí Kọ́ríídọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé kọ́ríídọ̀ ilé yẹn ló fi ọdún mẹ́sàn-án gbá. Òun ló máa ń nu pátákó lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Kì í nù ún kó tó kà á. Ó wá dá ọ dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọdún tí ẹ kọ síbí lánàá ò bá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mu." O wò ó. O ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ó ní, "Ó dá mi lójú, sà. Èmi ni mo nù ún."

O lọ wo ìwé rẹ. Òun ló jàre! Ọdún méjì lo fi yọ ọ́ lẹ́nu, tí o ń bá a ra ìwé, tí o ń bá a tún ìdánwò àbáwọlé ṣe, títí ó fi jọ̀wọ́ ìgbálẹ̀ tó sì wọ kíláàsì. O sọ fún mi nígbà yẹn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ẹni tó máa jù mí lọ." Mo rò pé àwàdà lò ń ṣe.

Lẹ́yìn tí a sin ọ́, ó gbé ìdì ìwé ìdánwò yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti gbé e délé, kò sẹ́ni tó rántí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ dì í bí ọmọ tuntun. Ó ní, "Màmá, tèmi wà nínú rẹ̀. Kò tíì kà á." Ó ní òun ò padà lọ mọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àtẹ̀gùn yẹn ni mo gbọ́dọ̀ gbà lójoojúmọ́, Màmá. Kò sí ọ̀nà míì."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo kàn sún àga fún un, mo ní, "Kà á fún mi."

"Kí ni, Màmá?"

"Èyí tí kò tíì kà. Kà á kí n gbọ́."

Ó kà á. Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀ yé. Níbi tó ti sọ̀rọ̀ kan bí ẹni tó ń yangàn, mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn débi pé oníbàárà tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wò wá, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo bá a lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a gba àtẹ̀gùn náà, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mẹ́rìndínlógún ni. Ní ẹ̀kẹjọ, mo ní kó dúró kí n mí. Èmi ni mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, òun ló wá ń tì mí lẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá kàwé fún mi. Ọdún méjì àti ààbọ̀! Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n. Ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá dán aṣọ ìgbéyàwó wò, ó jókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára títí tí orí ìwé kan fi parí, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun bóyá wọ́n mú ọ̀gá burúkú inú ìwé yẹn. Àpilẹ̀kọ àṣekágbá Àǹtí Kọ́ríídọ̀ dá lórí àwọn tó kọ́ ilé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín: àwọn bíríkìlà, àwọn obìnrin tó fi orí ru omi àti iyanrìn, àwọn tí orúkọ wọn ò sí lára ògiri tí wọ́n mọ. Ó wá orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́ta rí. Ó kọ gbogbo wọn sílẹ̀.

Òun ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì, àbúrò mi. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì! Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn ìwádìí tó dára jù. Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, gáùn tí wọ́n háyà fún un tóbi léjìká, mo fi píìnì mú un sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, gbogbo àwọn agbálẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà dúró ti ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún kìíní báyìí, ó sì ń lo yàrá iṣẹ́ rẹ tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán. Wọ́n fún un ní èyí tó dára ju ìyẹn lọ, ó kọ̀.

Ó yẹ kó o wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí nǹkan ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ó yẹ kó o wà níbẹ̀!

Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ ló kù.

Ọdún mẹ́jọ lo fi ń kọ ìtàn àwọn alágbàfọ̀ ìlú yìí. Àwọn ojúgbà rẹ ń rẹ́rìn-ín pé kí ni alágbàfọ̀ ní tí a fẹ́ fi kọ ìtàn. Ṣùgbọ́n èmi mọ ìdí rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni màmá wa. Ọwọ́ rẹ̀ ló fọ aṣọ tí a fi jẹun, tí o fi kàwé. O lọ bá àwọn ìyá arúgbó nínú ilé wọn, o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, o kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé àjákọ méjìlá. Orí méjì péré ló kù kí ìwé parí nígbà tí o lọ. Orí méjì! Ilé ìtẹ̀wé ní àwọn ò lè tẹ ìwé tí kò ní ìparí. Ìyàwó rẹ kó ìwé àjákọ náà sínú àpò, ó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń yí ojú kúrò níbẹ̀ bó bá ń kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni Onírùngbọ̀n dé.

Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn á ta ọ́ lára. Olùkọ́ ìmọ̀ ìrònú, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà tí ẹ ti jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ẹ jọ ń pín búrẹ́dì jẹ lórí tábìlì kan, kí ipò olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dé àárín yín. Òun ló wọlé. O ní ó sọ ohun kan nípa rẹ níwájú ìgbìmọ̀ tí kò yẹ kí ọ̀rẹ́ sọ. Ọdún méjì lẹ fi kọjá ara yín ní kọ́ríídọ̀ bí ẹni tí kò ríra. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbọ́n! Níbi ìsìnkú rẹ, ó dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ọgbà.

Ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò ń rọ̀ ló kanlẹ̀kùn ilé rẹ. Mo wà níbẹ̀. Omi ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ìwé àjákọ rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ parí ìwé náà."

Ìyàwó rẹ kì í pariwo, ìwọ náà mọ̀. Ó wò ó tìtì. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò kí i fún ọdún méjì?"

Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ìyàwó wa."

Ìyàwó rẹ wọlé, ó gbé àga sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kó jókòó kí aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ó po tíì fún un.

Ó fi ipò olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, àbúrò mi. Ipò tí ẹ tìtorí rẹ̀ jà, ó gbé e kalẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, ó ní iṣẹ́ kan wà lọ́rùn òun. Ó pa ìwé tiẹ̀ tì. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ń béèrè ohun tí ìwọ ò kọ sílẹ̀ torí pé o mọ̀ ọ́n lórí. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé búlúù tó nínú omi? Kí ni màmá yín máa ń fi pa ọwọ́ tó bá ti là? Ọjọ́ kan ó béèrè pé, "Bí aṣọ oníbàárà bá sọnù ńkọ́?" Mo sọ ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ lórí okùn fún un, bí màmá wa ṣe wọ ilé dé ilé nínú oòrùn tó ń wá a, bí èmi náà ṣe ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú rẹ lẹ́yìn mi. Mo bi màmá wa pé ṣé nítorí ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni. Ó ní, "Ẹni tó bá fi aṣọ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ìtìjú rẹ̀ ló fi lé ọ lọ́wọ́."

Onírùngbọ̀n dá gègé dúró. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀rọ̀ màmá wa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orí tó kẹ́yìn ìwé náà.

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Nígbà tí ìwé jáde, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Orúkọ rẹ nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin aránṣọ lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ká etí aṣọ, ṣé òun ló rán an ni?" Mo fẹ́ kí o dárí jì í. Àwa ti dárí jì í. Ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ṣì ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ yẹn jáde lọ́dọọdún, Ìwé Àṣeyọrí, tí wọ́n ń kọ ohun tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé ṣe sínú rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Láyé rẹ, ìwọ lo máa ń ka ìwé náà yẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, orúkọ gbogbo ayé wà níbẹ̀, tìrẹ ò sí. Mo bi ọ́ rí pé kí ló dé. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ara balẹ̀, tèmi ń bọ̀."

Tèmi ń bọ̀! Ó mà dé o, àbúrò mi. Ìwé àwọn alágbàfọ̀ ló gba ẹ̀bùn ìwé tó dára jù láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn lọ́dún yìí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Olùkọ́ orin yín tó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já jù sílẹ̀ kó ẹgbẹ́ akọrin lọ ìdíje lókè òkun, wọ́n ṣe ipò kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ojú rẹ̀ ò ríran kọ eré orí ìtàgé, èrò kún gbọ̀ngàn débi pé wọ́n ṣí fèrèsé kí àwọn tó wà níta lè gbọ́. Ẹ̀ka ìtàn tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tì pa lọ́jọ́sí, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wọlé síbẹ̀ lọ́dún yìí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ka sókè nínú yàrá mi, kí o lè gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ rẹ, wọ́n ti kọ "olóògbé" ṣáájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mi ò kà á síta.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ gba ẹ̀bùn náà. Ìyàwó rẹ ní ẹsẹ̀ òun ò ní gbé òun dé orí pèpéle. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Mo ti há ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sórí fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé iwájú gbohùngbohùn, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní, "Màmá wa ò mọ̀wé. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé." Mo sọ̀ kalẹ̀. Gbọ̀ngàn dìde dúró. Mo jókòó, mo gbé ẹ̀bùn náà lé itan, mo ń wá ẹni tí màá nawọ́ rẹ̀ sí.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ rí, àfi fún ìyàwó rẹ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, o pè mí. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, oníbàárà kan dúró níwájú mi tó ń kánjú. Mo ní, "Jẹ́ kí n pè ọ́ padà." O ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, kò kánjú." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbàgbé. Mo gbàgbé, àbúrò mi! Mo rán síìpù, mo gbọ́ rédíò, mo jẹun ọ̀sán. Fóònù tó tún dún, kì í ṣe ìwọ.

Kí lo fẹ́ sọ? Mo ti bi gbogbo èèyàn. Mo bi Onírùngbọ̀n, mo bi Àǹtí Kọ́ríídọ̀ bóyá o sọ nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyàwó rẹ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bóyá ó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni." Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń gbà á bẹ́ẹ̀, mo máa ń sùn. Lọ́jọ́ mìíràn mi ò lè gbà á. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá pè mí, màá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, màá pa maṣíìnì, màá ní kí oníbàárà dúró. Ẹ̀kọ́ tó pẹ́ kó tó dé ni. Má bínú sí mi.

Ọmọ rẹ ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yín lóṣù tó kọjá. Orin ló yàn, kì í ṣe ìtàn. Onírùngbọ̀n bínú fún odidi ọjọ́ kan. Ọmọ náà ní òun fẹ́ràn bàbá òun, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ràn ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀. Ó dà bíi pé ìwọ á ti rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó lọ, ó wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ọwọ́ ro àwọn bọ́tìnnì inú agolo. Ó ní, "Màmá Aránṣọ, ohùn bàbá mi ti ń kúrò létí mi."

Mo pa maṣíìnì. Mo fẹ́ sọ fún un pé irọ́ ni, pé ohùn bàbá ẹni kì í lọ. Ṣùgbọ́n o ò fi irọ́ tọ́ ọ dàgbà. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ń kúrò létí tèmi náà."

Ó ní, "Kí la máa wá ṣe?"

Mo ní, "A ó máa bá a sọ̀rọ̀. Bí àwa ò bá gbọ́ tiẹ̀ mọ́, kí òun máa gbọ́ tiwa."

Ó gbé orí lé èjìká mi. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ̀rọ̀ gùn lónìí. Ìyàwó rẹ kí ọ. Ọmọ rẹ kí ọ. Àwọn tí o kọ́ kí ọ, àwọn tó jù ọ́ lọ àti àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Wọ́n ní bó bá pẹ́, á dín kù. Ọdún mẹ́fà rèé, kò dín kù. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, àárò rẹ ń sọ wá, ó ṣì ń dùn wá gan-an. Kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó ń gbàdúrà pé kó má dùn òun mọ́.